Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Lọ́yà Tí Ẹ Gbé Àwòrán Daumier Kọ́ Ẹ̀yìn Àga Yín

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí yín kú ìdúró. Atẹ̀wé ni mí ní Ṣómólú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tẹ káàdì yín, ìwé olórúkọ tí ẹ fi ń kọ lẹ́tà, àti kàlẹ́ńdà tí ẹ máa ń pín bí ọdún bá ń parí lọ. Láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ mìíràn tún kún un. Ẹ ó gbé àwòrán wá nínú fláàṣì, ẹ ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó nípọn, kí n fi díńgí àti férémù sí i, kí n sì wá bá yín kàn án mọ́ ògiri. Àwọn ọkùnrin tó wọ gáùn dúdú ni, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, fáìlì lábíyá, imú lókè. Ará Faransé tó yà wọ́n ń jẹ́ Honoré Daumier. Ọ́fíìsì mẹ́jọ ni mo ti kàn án sí báyìí.

Nítorí àwọn àwòrán yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ro ó délẹ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú yín gbé mẹ́rin wá lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo ṣe wọ́n tán, mo fi kẹ̀kẹ́ Máárúwá gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ nítorí díńgí. Lọ́yà kò tíì ti kóòtù dé. Mo to férémù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ògiri níbi tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Màmá àgbà kan wà níbẹ̀, ó gbé ọ̀rá dúdú lé itan. Ìwé ló kún inú ọ̀rá náà: rìsíìtì, ìwé àdéhùn, àti ìwé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ti ká lákàátúnká títí ojú ibi tí wọ́n ń ká a fi ya. Màmá ń wo èyí tó tóbi jù nínú àwòrán mi. Lọ́yà méjì ló ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fífẹ̀ kan. Wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀ díẹ̀, wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Màmá wò ó, ó tún un wò. Ó wá yíjú sí mi.

“Ọmọ mi, ṣé ẹjọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀ yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ta ló jàre?”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwòrán náà. Mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti gé e, mo ti nu díńgí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìbéèrè yẹn kò sì wá sí mi lọ́kàn rí. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó lè sọ ọ́ fún èèyàn. Bóyá oníbàárà wọn jàre, bóyá ó jẹ̀bi, bóyá wọ́n ti ń mú un lọ sẹ́wọ̀n lẹ́yìn wọn níbẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n á gbé sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún màmá pé n kò mọ̀. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé inú ọ̀rá rẹ̀.

Lọ́yà dé. Ó kí màmá, ó ní kí ó ṣe sùúrù díẹ̀. Ó tọ́ka síbi tí òun fẹ́ kí n kàn án sí: ẹ̀yìn àga òun, lókè orí. Mo kàn án síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀yin méje yòókù ní kí n kàn án sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, ọwọ́ tèmi sì wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ wà, ìlà kan tàbí méjì lédè Faransé. Nígbà tí mo béèrè bóyá kí n fi í sílẹ̀, lọ́yà ní kí n gé e kúrò, pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Faransé lọ́fíìsì òun. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gé pépà, mo gé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ láti fi yẹ íǹkì wò ṣì wà lórí tábìlì mi tòun tọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè màmá kò jẹ́ kí n sinmi, mo kó wọn tọ ọmọ Àjàṣẹ́ kan lọ, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, tó ń ta íǹkì ládùúgbò wa. Yorùbá bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n Faransé ló fi kàwé. Ó ní lọ́yà tiwọn kì í dé wíìgì bí ẹ̀yin ti ń dé e, gáùn inú àwòrán yìí gan-an ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí kóòtù, nítorí Faransé ló gbé òfin rẹ̀ wá fún wọn bí Gẹ̀ẹ́sì ti gbé tirẹ̀ wá fún wa. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi dé ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Nínú àkọ́kọ́, lọ́yà méjì pàdé. Ọ̀kan ń sọ fún ìkejì pé, ohun tí o fẹ́ wí lónìí láti takò mí, òun gan-an ni èmi wí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nínú ẹjọ́ tó jọ ọ́ bí ìbejì. Èmi náà á sì fi èsì tí o fún mi lọ́jọ́ yẹn dá ọ lóhùn. Ó pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ọ̀kan bá gbàgbé, ìkejì á kúkú rán an létí.

Nínú èkejì, lọ́yà ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé: ẹ pàdánù ẹjọ́ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ti dùn mọ́ yín gan-an láti gbọ́ bí mo ṣe ń rojọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti adájọ́. Ẹni tí wọ́n ló jalè dúró níwájú rẹ̀. Adájọ́ ní: “Ebi ń pa ọ́, ebi ń pa ọ́, ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Èmi náà, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ojoojúmọ́ ni ebi ń pa mí, n kò sì tìtorí ẹ̀ jalè.” Ibẹ̀ ni ọmọ Àjàṣẹ́ ti dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebi tí adájọ́ yẹn ń sọ, ebi ẹni tí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ń dúró dè é nílé ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi pe tirẹ̀ àti ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan náà yẹn dá a lẹ́bi. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ìlà méjì péré ṣàlàyé àìṣòdodo tó báyìí rí.

Ẹ̀kẹrin ni ti orí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gùn: àtẹ̀gùn ńlá Ilé Ẹjọ́, bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Lédè Faransé bíi ti Yorùbá, ojú ilé ni, ojú èèyàn náà sì ni. Ojú èèyàn méjì yẹn ni ojú ilé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo gé sọnù nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ẹni tó ya àwòrán wọ̀nyí, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Marseille, ìlú etí òkun ní gúúsù Faransé, ni wọ́n bí Daumier sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1808. Iṣẹ́ díńgí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, nítorí gígé díńgí wà nínú iṣẹ́ tèmi náà. Akéwì ni bàbá yẹn fẹ́ dà. Ewì ló gbé e lọ sí Paris, ìyàwó àti ọmọ tẹ̀lé e, owó kò sì tó wọn ná níbẹ̀. Honoré kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá lọ tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi í sí: ọ̀dọ̀ bélífù ilé ẹjọ́. Òun ni wọ́n ń rán kiri ìlú: gbé ìwé yìí lọ síbí, gba èyí bọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin mọ iṣẹ́ bélífù jù mí lọ. Bélífù ní í mú ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ẹnu ọ̀nà, òun ní í wọlé ka ẹrù ẹni tó jẹ gbèsè. Mo gbà pé ọmọ yẹn ti mọ bí ojú olóhun ṣe ń rí nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ó tó mọ bí a ti ń ya imú àti ẹnu.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ iṣẹ́ àwòrán orí òkúta. Ẹ gbà mí láyè kí n dúró díẹ̀ níbí. Òkúta ẹfun pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lò, wọ́n á yùn ún títí yóò fi jọ̀lọ̀. Ayàwòrán á fi pẹ́ńsù ọlọ́ràá ya ohun tó fẹ́ sí i lójú. Wọ́n á fi omi pa á. Omi á dúró níbi tí kò sí ọ̀rá, á sì sá fún ibi tí ọ̀rá wà. Bí wọ́n bá wá yí íǹkì lé e, íǹkì tí òun náà ní ọ̀rá nínú, ojú ìlà àwòrán nìkan ni yóò lẹ̀ mọ́. Wọ́n á tẹ pépà lé e. Ohun tó wà lápá ọ̀tún lórí òkúta á bọ́ sí òsì lórí pépà, nítorí náà oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa rí gbogbo rẹ̀ lódìkejì lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, ọgbọ́n yìí náà ló ń lò. Pléètì ló gba ipò òkúta. Omi àti ọ̀rá kò tíì bára wọn rẹ́ títí di ìsinsìnyí. Bí iṣẹ́ bá tán, wọ́n á yùn òkúta náà, àwòrán tàná á pa rẹ́, wọ́n á ya tòní lé e. Bíi 4,000 àwòrán ni Daumier ṣe lọ́nà yìí kó tó kú, ìwé ìròyìn ló sì ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn fún, pépà tí èèyàn ń kà láàárọ̀ tí wọ́n á fi dì nǹkan lálẹ́.

Lọ́dún 1830 ni Louis-Philippe jọba Faransé, ọdún yẹn náà ni Charles Philipon dá ìwé ìròyìn La Caricature sílẹ̀. Ní 1832 ó tún dá Le Charivari sílẹ̀, èyí tó ń jáde lójoojúmọ́. Daumier ya ọba bí òmìrán Gargantua inú ìtàn wọn: ó jókòó, pákó gùn láti ilẹ̀ dé ẹnu rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ ru apẹ̀rẹ̀ owó gun pákó náà, wọ́n ń dà á sí i lọ́fun, àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ wọn sì wà nísàlẹ̀ nínú àkísà. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kejì ọdún 1832 wọ́n dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti owó ìtanràn 500 francs. Wọ́n kọ́kọ́ fi í lọ́rùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáwọ́, wọ́n sì wá mú un ní oṣù Kẹjọ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Sainte-Pélagie. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Ẹ rántí èyí nígbàkígbà tí ẹ bá wo àwòrán yẹn. Ẹni tó yà yín ti jẹ́ ìránṣẹ́ bélífù, ó ti dúró níbi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí, ó sì ti sùn lẹ́wọ̀n. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ ló ti gbà wọlé àfi ti lọ́yà àti ti adájọ́.

Nígbà tó jáde, kò rọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1834 àwọn sójà wọ ilé kan ní òpópónà Transnonain ní Paris lóru, wọ́n pa àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Daumier ya yàrá náà: ọkùnrin kan wọ aṣọ ìsùn, ó ti ṣubú ti bẹ́ẹ̀dì, ọmọ kékeré wà lábẹ́ rẹ̀. Kò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i. Ìjọba gba ẹ̀dà tí wọ́n rí, wọ́n sì ba òkúta rẹ̀ jẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú nínú ìrúkèrúdò oṣù Kẹrin yẹn wá jẹ́jọ́. Daumier tún ya ti ẹjọ́ náà, èyí sì ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo lọ́yà ayé mọ̀. Adájọ́ na ọwọ́ sí olùjẹ́jọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n ti fi aṣọ di olùjẹ́jọ́ náà lẹ́nu, àwọn aláṣọ kóòtù dì í mú kó má lè mira. Lẹ́yìn wọn, wọ́n ti tẹ ẹlòmíràn lórí ba, àáké sì ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ni pé: “Ọ̀rọ̀ kàn ọ́, ṣàlàyé ara rẹ, o lómìnira!” Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, kí la ó wá wí nípa ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́?

N kò rí èyí lọ́fíìsì ẹnikẹ́ni nínú yín. Kò sẹ́ni tó gbé e wá fún mi rí.

Ní oṣù Keje ọdún 1835 ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fieschi fẹ́ pa ọba, ó sì kù ú. Kó tó di òpin oṣù Kẹsàn-án ìjọba ti ṣòfin pé kò sí àwòrán tó gbọdọ̀ jáde láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. La Caricature kógbá sílé. Daumier kò lè ya ọba mọ́, kò lè ya mínísítà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tó ń lọ láàárín ìlú: onílé àti ayálégbé, oníṣòwò oníjìbìtì, tọkọtaya. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe padà dé ọ̀dọ̀ yín. Láti 1845 sí 1848 ó ya bí ogójì àwòrán sínú Le Charivari lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Les Gens de Justice, ìyẹn àwọn ará ilé ẹjọ́.

Kò jìnnà sí wọn. Lẹ́yìn tó gbéyàwó ní 1846, obìnrin tó ń rán aṣọ, erékùṣù Saint-Louis ló ń gbé láàárín odò Seine, Ilé Ẹjọ́ sì wà lórí erékùṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ lèèyàn máa ń fi rìn ín. Gbọ̀ngàn ńlá kan wà nínú ilé náà tí wọ́n ń pè ní gbọ̀ngàn ìgbésẹ̀ asán, níbi tí àwọn ẹlẹ́jọ́ ti ń rìn lọ rìn bọ̀ títí wọ́n á fi pè wọ́n. Daumier kì í gbé ẹnikẹ́ni ka iwájú yà. Á wo wọn, á lọ sílé, á sì ti orí ara rẹ̀ yọ wọ́n jáde. Ó dà bíi pé òótọ́ kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo ohun tó rí níbẹ̀: bí ẹjọ́ bá ti wọ inú ilé yẹn, ẹni tó ni ín kì í ni ín mọ́. Nínú ọ̀kan, lọ́yà ń gba oníbàárà rẹ̀ níyànjú pé agbẹjọ́rò ìjọba ń sọ ohun tí kò dáa sí yín, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ojú kan sunkún ó kéré tán, ó máa ń wúlò. Nínú òmíràn, inú ń dùn sí lọ́yà pé ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ kí wọ́n pín dúkìá láàárín tọkọ tìyàwó. Ẹnìkejì rẹ̀ ní ó tó àkókò lóòótọ́, nítorí ẹjọ́ náà ti jẹ dúkìá àwọn méjèèjì tán. Òmíràn tún wà nípa lọ́yà tó ń gbèjà opó àti ọmọ òrukàn, àfi bó bá jẹ́ pé opó àti ọmọ òrukàn ló ń bá jà lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ọ́fíìsì ìwé ìròyìn ló ń kọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, mo sì mọ̀ pé ìyẹn lè mú kí ẹlòmíràn sọ pé kò sóhun tó burú nínú kí á gé e. Mo ti rò ó. Bí a bá gé e, ohun tó kù ni gáùn tó ṣẹ́ wálẹ̀ dáadáa àti imú tó gùn.

Oṣù Kejì ọdún 1848 ni àwòrán orí àtẹ̀gùn yẹn jáde. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ará Paris ti dìde, Louis-Philippe ti sá lọ. Àwọn lọ́yà méjì yẹn ṣì ń sọ̀ kalẹ̀. Daumier tún padà sí wọn ní àwọn ọdún 1860, ó fi àwọ̀ omi yà wọ́n lórí àtẹ̀gùn kan náà. Baltimore ní Amẹ́ríkà ni ìyẹn wà lónìí. Òun fúnra rẹ̀ kò rí jẹ níbẹ̀. Ìwé ìròyìn rẹ̀ dá a dúró ní 1860 kí wọ́n tó tún pè é padà. Ojú tó fi ń ṣiṣẹ́ di bàìbàì. Corot, ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀, ló ràn án lọ́wọ́ tó fi ní ilé tó ń gbé ní Valmondois, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Kejì ọdún 1879. Ọdún yẹn gan-an, ní oṣù Kọkànlá, ni wọ́n gba Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wọlé sí iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni àkọ́kọ́ nínú yín nílẹ̀ wa. N kò fẹ́ fi ìyẹn ṣe àmì ohunkóhun. Ó kàn dúró sí mi lọ́kàn ni.

Ẹ má rò pé mo kórìíra iṣẹ́ yín. Lọ́yà kan, ẹni tí n kò mọ̀ rí, ló lọ gba ọmọ iṣẹ́ mi jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí kò gba kọ́bọ̀. Mo mọ iye ìwé tí ẹ ń kà, mo mọ bí adájọ́ ṣe máa ń sún ẹjọ́ síwájú tí oníbàárà á sì gbà pé ẹ̀yin lẹ sún un. Bí mo bá kàn fẹ́ bú yín, n kò ní máa tẹ káàdì yín. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí ẹ máa ń wí bí àlejò bá béèrè nípa àwòrán náà. Ẹ̀ ń sọ pé ọkùnrin yẹn fi wá ṣẹ̀fẹ̀ ni, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín, àlejò náà á rẹ́rìn-ín. Oníbàárà tó jókòó síwájú yín kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló kọjú sí i. Ẹ̀yin kọ̀yìn sí i. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń sọ ti ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún yín, àwọn ọkùnrin méjì yẹn ló ń rí lókè orí yín, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wí nítorí pé èmi ni mo gé e.

Olùjẹ́jọ́ ti Daumier gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń dá a lẹ́bi, ó kéré tán. Màmá tó gbé ọ̀rá dání yẹn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí mo padà lọ gba owó mi tó kù ni mo tún bá a níbẹ̀, lórí àga kan náà. Ó ti kóòtù dé. Wọ́n ti pe ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n ti sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ti tẹríba fún adájọ́, wọ́n sì ti jáde. Ó bi mí, èmi atẹ̀wé, bóyá mo mọ ohun tí wọ́n sọ. Lọ́yà rẹ̀ wà nínú yàrá kejì, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èèyàn rere ni lọ́yà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Kò kàn rántí pé ẹnìkan ṣì ń dúró de èsì ni.

Ohun tí mo wá bẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí n yọ àwòrán yẹn lẹ́yìn yín. Ẹ jẹ́ kí n kàn án mọ́ ògiri tí ẹ kọjú sí, lókè orí ẹni tó wá bá yín, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó máa rí àwọn méjì yẹn bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ padà pẹ̀lú, lédè Faransé bó ṣe wà, àti lédè Yorùbá lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tó tóbi tó kí àgbàlagbà lè kà á láìlo ìgò ojú. Ọmọ Àjàṣẹ́ ti túmọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti tò wọ́n, mo ti yẹ àmì ohùn wọn wò. N kò ní gba owó pépà, n kò ní gba owó iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì fẹ́ ti ọdún 1835, ti ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì lẹ́nu, mo ní i, mo lè tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ọjọ́ tí kóòtù kò bá jókòó ló dára jù, nítorí èmi nìkan kò lè gbé férémù kí n tún kan ìṣó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga yín kí ó sọ fún mi bóyá ó gún. Ẹ fi tẹ̀síìtì ránṣẹ́. Nọ́ńbà mi wà lẹ́yìn káàdì yín, nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé yín ní Ṣómólú